Àgbà Ìkálẹ̀ àti Ọkọ̀ tí Kò Fò Rí

Láàrin àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ó ń padà wálé láti Èkó sí Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Ìlútitun àti Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, oríṣi ènìyàn kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ kò tíì fún ní orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti fún un ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kò sì sí èyí tí ó ṣeé pè lójú rẹ̀ nínú wọn. Kò jọ fẹ̀yìntì tí ó ń sin adìyẹ, kò jọ èyí tí ó ń dá oko ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ èyí tí ó ń du oyè, nítorí pé orí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà, níbi tí àwòṣe ọkọ̀ ojú-sánmà kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún ti dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sín sí ìtòsí rẹ̀. Alátùn-únṣe ni orúkọ tí yóò máa jẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé òun ni ó bójú mu jù nínú èyí tí ó ṣeé tẹ̀ jáde.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú òǹkàwé lójú, ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ó wà lórí tábìlì náà. Àwòṣe alájọtò ni, ìyẹn páálí kan tí ilé iṣẹ́ kó àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a fi ike ṣe sí, tí wọ́n ṣì so mọ́ férémù tí wọ́n jọ bá jáde láti inú ẹ̀rọ, tí ẹni tí ó rà á yóò máa gé wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́sọ́nà ti wí, tí yóò sì kùn wọ́n ní ọ̀dà títí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò fi di bàálù, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ogun ní kékeré. Èyí tí Alátùn-únṣe ní kì í ṣe àwòṣe ohunkóhun tí ó wà láyé rí. Eagle ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ tí àwọn olùgbé orí òṣùpá fi ń rìn nínú Space: 1999, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Gerry àti Sylvia Anderson gbé jáde láàrin 1975 sí 1977, tí apá rẹ̀ jẹ́ 48. Ìtàn àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni eré náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí a lérò pé ó lè wà lọ́jọ́ iwájú ṣe egungun rẹ̀: àwọn ènìyàn kó pàǹtírí agbára átọ́míìkì pamọ́ sí orí òṣùpá, pàǹtírí náà bú gbàmù ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, òṣùpá sì já kúrò ní ipò rẹ̀, ó gbé àwọn ènìyàn 311 tí ó wà lórí rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi eré yìí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó ń gbé Èkó jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jókòó ti ìròyìn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ka iye ọdún tí ó kù kí òṣùpá ó lọ.

Ilé iṣẹ́ Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe àwòṣe Eagle fún títà, ìsọ̀ ńlá bíi Kingsway Stores ní Marina sì wà lára ibi tí àwọn òbí tí àfikún owó-oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji ti tù lára ti ń ra ohun ìṣeré òkèèrè fún ọmọ. Alátùn-únṣe ra tirẹ̀, tàbí kí wọ́n rà á fún un, tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀bùn tí ó gbà nítorí pé ó ṣe ipò kìn-ín-ní. Ìtàn yìí máa ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ bá ti rí. Ohun tí kì í yí padà ni pé ọ̀sán kan ṣoṣo ni ó fi tò ó, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí ó ju bí ó ti yẹ lọ, tí òǹtẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lára ike náà títí di òní. Àwọn àbúrò rẹ̀ fi í fò láti orí àga dé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó fi ń balẹ̀ kán, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dá, wọ́n sì jù ú padà sínú páálí. Páálí náà tẹ̀lé e láti Sùúrùlérè dé Ìkòròdú, láti Ìkòròdú dé Òkìtìpupa, lábẹ́ oríṣiríṣi bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ títí ìwé ìfẹ̀yìntì fi dé.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ rárá bí kò ṣe ìwádìí. Alátùn-únṣe gbà pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ohun àtijọ́ láìtíì wo gbogbo àwòrán rẹ̀ ti ba ohun náà jẹ́ ná, àpẹẹrẹ tí ó sì máa ń tọ́ka sí ni ti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà, tí ó parí àtúnṣe ọkọ̀ Enterprise ní 2016, àwòṣe gan-an tí wọ́n fi ya eré Star Trek ní àwọn ọdún 1960, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fi ẹ̀rọ X-ray wo inú rẹ̀, wọ́n wá àwòrán àtijọ́ rẹ̀ káàkiri, nígbà tí wọ́n sì rí i pé òkè apá ribiti tí ó wà níwájú ọkọ̀ náà ṣì ní ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ lára, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ibi tí ó kù kùn kí ó lè bá a mu. Ẹ̀kọ́ tí Alátùn-únṣe rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ nu eruku orí tábìlì mọ́. Eruku, gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, jẹ́ ara ìtàn ohun náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ó kó jọ síbẹ̀ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, nígbà tí olúwa rẹ̀ ń wo fídíò lórí fóònù, tí ó sì ń ra dátà kọjá ohun tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè gbé.

Nígbà tí kò sí fídíò tí ó kù láti wò mọ́, ó di dandan kí ó fọwọ́ kan ike. Bí a ti ń tú irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ká rọrùn láti fi ẹnu sọ: gọ́ọ̀mù ike kì í kàn dúró láàrin ohun méjì kí ó dì wọ́n mú, ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn yóò fi di ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé a máa gan, òtútù líle sì lè mú kí ó dá bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí Eagle fi sùn nínú fíríìsà láàrin ẹja dídì àti ẹran ọjọ́ Àìkú, tí a sì tan jẹnẹrétọ̀ sí i mọ́jú, nítorí pé agbègbè gúúsù Oǹdó yìí, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, Ẹsẹ̀-Odò àti Ìlàjẹ, jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lo ọdún pípẹ́ láìrí iná mànàmáná. Ìyá ilé kò sọ nǹkan kan. Ó yọ ẹja tirẹ̀ kúrò kí ó lè ráàyè, ó sì ka iye jálá epo tí ó lọ sí i.

Ọ̀dà àtijọ́ ni ó kàn. Òróró bíréèkì ọkọ̀ a máa bọ́ ọ̀dà kúrò láìpa ike lára bí a bá ṣọ́ ọ dáadáa, sùúrù tí ó sì gbà kò yàtọ̀ sí ti obìnrin Ìkálẹ̀ tí ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára púpurù, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a mọ roboto tí a sì fi èéfín gbẹ, kí funfun inú rẹ̀ tó yọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé púpurù ṣeé jẹ. Àlàfo tí ó wà láàrin ẹ̀yà méjì ni ó fi bọ́dífílà àwọn apánẹ́ẹ̀lì dí, ó sì fi sáńpépà olómi ha á títí ó fi dán. Egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí ó jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so kọ́ra, ni ó fa ìdààmú jù. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè òkun a máa ra ọ̀pá idẹ tín-ín-rín láti fi pààrọ̀ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ní oko ọ̀pẹ bíi ti Òkìtìpupa kò lè wá ohun tín-ín-rín tì. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan yọ nínú èyí tí ìyá ilé fi ń gbálẹ̀, ó ha wọ́n, ó gé wọn sí ìwọ̀n, ó sì kùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òṣùpá ṣe di ẹni tí ó ní egungun ọ̀pẹ. Ó yẹ kí á gbóríyìn fún un níhìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ náà gún régé, kò sì sí ẹni tí ìbá mọ̀ bí kì í bá ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé, títí kan àwọn tí ó wá gba owó omi.

Ojú ọjọ́ kò gbè é. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà nínú igbó olójò tí òkun kò jìnnà sí, ọ̀rinrin sì máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Bí a bá fọ́n ọ̀dà tí a fi tínà pò sí ike nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi a máa sẹ̀ lé e lórí kí ó tó gbẹ, ojú rẹ̀ a sì ṣú. Bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ṣùgbọ́n eruku tí ó bá a wá láti ìhà Òkè Ọya á rì sínú ọ̀dà tútù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Alátùn-únṣe, ọ̀sẹ̀ tí ó dára fún ọ̀dà fífọ́n kò ju méjì lọ lọ́dún, méjèèjì ni ó sì máa ń bọ́ sí àsìkò ìsìnkú, nígbà tí kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ kan tí ó lè sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ọ̀dà ni kò jẹ́ kí òun wá.

Ọ̀rọ̀ funfun ni ó fi ìwà rẹ̀ hàn jù. Lójú ènìyàn gbogbo, funfun ni Eagle, ibi eérú díẹ̀díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Lójú Alátùn-únṣe, funfun pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni ó jẹ́ òótọ́. Ó gbé ìbéèrè yìí tọ pẹ́ńtà ọkọ̀ kan lọ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó sì kọ gbogbo agolo tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fún un, nítorí pé èkínní pọ̀jù ní búlúù, èkejì jọ ti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú, ẹ̀kẹta sì ń tàn.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni pẹ́ńtà wí, lẹ́yìn tí ó ti tẹríba dáadáa, "ṣé ẹ̀yin ti fojú ara yín rí ọkọ̀ náà rí ni?"

Alátùn-únṣe fèsì pé òun ti rí i kí bàbá tí ó bí pẹ́ńtà tó mọ ọ̀nà ilé ìyàwó. Kò fi kún un pé orí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú òun funfun ni òun ti rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ó tóbi jù wà nínú ìtàn ọkọ̀ náà gan-an. Brian Johnson ni ó ṣe àgbékalẹ̀ Eagle fún eré náà, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn àwòṣe tí wọ́n fi yà á sì gùn tó ínǹṣì 44. Kí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè dàbí ọkọ̀ ńlá tí ó ní páìpù, fálùfù àti ẹ̀rọ káàkiri ara, àwọn òṣìṣẹ́ eré a máa lọ ra àwòṣe alájọtò tí àwọn ọmọdé ń rà ní ìsọ̀, wọ́n á tú ọkọ̀ ogun, bàálù àti ọkọ̀ ojú omi ká, wọ́n á dorí ẹ̀yà wọn kodò, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ibikíbi tí ojú bá ti rí i pé ó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fún Star Wars ní 1977 ti ṣe. Nítorí náà, páìpù tí Alátùn-únṣe ń fi rúlà wọ̀n láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó ń fi awò asọ-kékeré-di-ńlá wò, tí ó sì ń ṣàlàyé fún àlejò pé ibẹ̀ ni epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, lè jẹ́ sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ogun kan tí òṣìṣẹ́ kan lẹ̀ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ebi sì ń pa á. Alátùn-únṣe mọ èyí, kò sì mì ín. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣèèṣì débẹ̀ ni, ó ti débẹ̀, ojúṣe ẹni tí ó ń tún ohun ṣe sì ni láti fi í sí ibi tí ó bá a. Ìdáhùn yìí le ju bí ó ti ń dún létí lọ. Irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ìdílé kan fi ń ro ẹjọ́ ààlà ilẹ̀, tí wọ́n sì ń jàre.

Òfin gbígún régé yìí kì í kọjá etí tábìlì. Ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí òṣùpá já kúrò nípò rẹ̀ nínú eré ní ọjọ́ ìbí kan nínú ìwé iṣẹ́, òmíràn nínú ìwé ìjọ, ẹ̀kẹta nínú ìbúra tí ó ṣe ní kóòtù, ó sì ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn bá ti gbà. Òrùlé yàrá tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ń jò, ó sì gbé tábìlì sún díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga-dẹ̀rọ sókè ti dákẹ́, ó ní kò tíì yá. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nígbà tí wọ́n ka ìnáwó tí kò bá iye tí wọ́n dá mu, òun ni ó kọ́kọ́ dìde pé kí wọ́n jẹ́ kí á máa lọ, pé ó ti súnmọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà pé ẹsẹ̀ Eagle ti súnmọ́ ọn, yóò dá oúnjẹ rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 dé, ó sì lọ. Oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni ó wà ní ìwọ̀ oòrùn lálẹ́ ọjọ́ náà, tín-ín-rín, kò sì já lọ sí ibì kankan. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà padà sí ìjọba alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọdún náà ni ó sì dá NASRDA sílẹ̀, àjọ tí ń rí sí ìwádìí ojú-sánmà. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí a gbé sókè kí ó lè máa yí ayé po, kí ó sì máa yàwòrán tàbí kí ó máa gbé ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí ní, NigeriaSat-1, gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Èyí tí ó kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó jù ni Nigeria EduSat-1, tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, bá Kyushu Institute of Technology ti Japan ṣe nínú ètò Birds-1, níbi tí Gánà, Mòǹgólíà àti Bangladesh náà ti ní tiwọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé e lọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibùdó ojú-sánmà àgbáyé, ISS, ní oṣù keje. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kílò kan, tí ó fi jẹ́ pé àwòṣe orí tábìlì yẹn gùn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Ó yẹ kí irú ìròyìn yìí mú inú Alátùn-únṣe dùn, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé òun nìkan ni ó ní ọkọ̀ ojú-sánmà nílé ní gbogbo àdúgbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti OAUSTECH, yunifásítì sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Òkìtìpupa fúnra rẹ̀, bá fi àwòrán Nigeria EduSat-1 hàn án lórí fóònù, awò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nù, yóò wo àwòrán náà láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Imú rẹ̀ dà?"

"Bàbá, kò ní imú."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Kò ní, sà."

"Ẹsẹ̀ tí yóò fi balẹ̀?"

"Kì í balẹ̀, sà."

"Kí ni ó wá fi jọ ọkọ̀ ojú-sánmà?"

Ọmọ náà á ronú díẹ̀, nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé. "Òkè ni ó lọ, sà."

Àlejò bẹ́ẹ̀ kì í rí ọtí mu kí ó tó máa lọ.

Ibi tí iṣẹ́ dé báyìí ni àwọn àwòrán alálẹ̀mọ́, ìyẹn nọ́ńbà àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ sórí pépà, tí a ń rì sínú omi kí wọ́n lè yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sí ara ọkọ̀. Àwọn tirẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè nítorí ọjọ́ orí, ó sì ti lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì fèrèsé, nítorí pé oòrùn a máa dá funfun wọn padà, ìyẹn ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Bákan náà, ọ̀kan nínú ẹnu ẹ́ńjìnnì ti sọnù láti ìgbà Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ń tún irú àwòṣe yìí tẹ̀ jáde ní tuntun, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Houston sì ti ṣetán láti rà á, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́, ó ní ike tuntun kì í ṣe ike ìgbà yẹn, àti pé Airfix tí ó ṣe ti òun ti wó lulẹ̀ ní 1981, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn kí Hornby tó rà á ní 2006, nítorí náà páálí àtijọ́ nìkan ni ó lè bí ẹnu ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ òótọ́. Ọmọ náà wá a káàkiri, ó rí ọ̀kan rà ní iye tí kò jẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ó fi í rán ẹni tí ó ń bọ̀ wálé, wọ́n sì gbà á ní ibùdókọ̀ Orè nínú àpò ìrẹsì.

Nígbà tí Alátùn-únṣe tú àpò náà, ó rí i pé wọn kò ṣí páálí inú rẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì le. Ó gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ bò ó, ó sì kéde fún ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, nítorí pé irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà ni ó pe ọmọ rẹ̀ ní Houston, tí ó sì ní kí ó bá òun wá òmíràn, èyí tí ó ti bàjẹ́ díẹ̀, tí ó ṣeé tú.